Òkú Ń Sunkún Òkú: Ìfẹ́, Ìrántí àti Ìjọ̀wọ́ nínú Eré Eurydice

Àwọn ìtàn ìwáṣẹ̀ Gíríìkì kì í ṣe àjèjì fún àwa tí a ń wo eré àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá. Ní ọdún 1968 ni Ọlá Rótìmí gbé ìtàn Oedipus wọ ilẹ̀ Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame. Ní 1973 ni wọ́n ṣe The Bacchae of Euripides ti Wọlé Ṣóyínká ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó di 1994, Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan mú ìtàn Antigone wá sí ìlú Yorùbá nínú Tegonni. Ọ̀rọ̀ ọba, òfin àti àyànmọ́ ló pọ̀ jù nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìtàn Gíríìkì mìíràn wà tí kò sí ogun nínú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń du oyè: ìtàn olórin kan tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ó sì tọ̀ ọ́ lọ sí ìlú àwọn òkú. Ìtàn yìí ni Sarah Ruhl, obìnrin òǹkọ̀wé-eré ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1974, sọ di eré tó pè ní Eurydice. Ìlú Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 2003. Ó dé New York ní 2007. Matthew Aucoin sì sọ ọ́ di eré olórin, èyí tí wọ́n ṣe ní Los Angeles ní 2020 àti ní Metropolitan Opera ní 2021.

Ó rọrùn láti wo eré yìí tán, kí a nu ojú, kí a sì sọ pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ jọ̀wọ́ òkú rẹ̀, kí ó gbàgbé, kí ó sì máa bá ayé lọ. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Nínú èdè wa, ọ̀tọ̀ ni jíjọ̀wọ́ ẹni, ọ̀tọ̀ ni gbígbàgbé ẹni. Ẹni tó jọ̀wọ́ okùn ẹran mọ̀ pé òun ti di okùn mú rí. Ẹni tó gbàgbé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹran wà láyé. Ohun tí Ruhl fi hàn wá ni bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ìfẹ́ wọn kò lábùlà, tí àwọn méjèèjì rò pé bí ènìyàn bá ti jọ̀wọ́, dandan ni kí ó gbàgbé. Àṣìṣe yìí ló pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rán ara wa létí bí ìtàn náà ṣe wà látijọ́. Àwọn akéwì Róòmù méjì ni àwọn òǹkọ̀wé ìgbà tiwa sábà máa ń tọ̀ lọ: Virgil, nínú apá kẹrin ìwé Georgics, àti Ovid, nínú apá kẹwàá Metamorphoses. Ejò ló bu Eurydice jẹ tó fi kú. Orpheus fi orin rọ ọkàn àwọn aláṣẹ ìlú òkú, wọ́n sì yọ̀ǹda ìyàwó rẹ̀ fún un pẹ̀lú èèwọ̀ kan ṣoṣo: kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn títí wọn yóò fi dé ojú ayé. Ó bojú wẹ̀yìn, obìnrin náà sì padà sínú òkùnkùn. Nínú ìwé Ovid, Eurydice kò rí ju ọ̀rọ̀ ìdágbére lọ sọ. Virgil fún un ní ìlà díẹ̀. Láti ìgbà náà wá, olórin ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ń tẹ̀lé. Ẹkún rẹ̀ la ń gbọ́, ohùn rẹ̀ la ń yìn, obìnrin tó kú lẹ́ẹ̀mejì sì di ohun tí olórin rí kọrin lé lórí.

Ruhl tẹ̀lé obìnrin náà wọ ìlú òkú, ó sì fi ẹnì kan síbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé Virgil tàbí ti Ovid: bàbá Eurydice, tó ti kú ṣáájú ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ìdí àfikún yìí kò farasin. Ruhl jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ pa bàbá tirẹ̀ ní 1994, bàbá náà ló sì fi eré yìí rántí. Bàbá yìí a máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tuntun ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nídìí oúnjẹ àárọ̀. Díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà wà nínú eré. Síbẹ̀, kò yẹ kí á torí èyí ka eré náà bí ìtàn ìgbésí ayé òǹkọ̀wé lásán. Ohun tí ọ̀fọ̀ fún Ruhl ni ìbéèrè kan tí àwọn akéwì àtijọ́ kò béèrè: bí obìnrin náà bá ní ẹni tó fẹ́ràn ní ìlú òkú ńkọ́, ṣé dandan ni kí ó fẹ́ padà sáyé?

Etí òkun ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni Orpheus àti Eurydice, ìfẹ́ sì ń pa wọ́n bí ọtí. Orin ló kún orí ọkùnrin, ìwé ló kún orí obìnrin. Orpheus kọ́ ọ ní orin kan, ó sì so okùn mọ́ ọn níka kí ó má baà gbàgbé. Okùn yìí ló di òrùka àdéhùn wọn. Eurydice gbìyànjú láti kọ orin náà, ṣùgbọ́n kò lè bá ìlù rẹ̀ dọ́gba. A ń rẹ́rìn-ín wọn, nítorí pé báyìí ni àwọn ọmọdé olólùfẹ́ ṣe máa ń rí. Àmọ́ kí òǹwòran fi ohun méjì pamọ́ sọ́kàn: okùn tí a fi ń rántí, àti obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í bá ìlù mu. Ohun méjèèjì yóò padà wá.

Ní ìlú òkú, bàbá Eurydice wà lára àwọn díẹ̀ tí kò gbàgbé bí a ṣe ń kọ̀wé, bí a ṣe ń kà á. Ó kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí wọ́n sì ti ń ṣe ìgbéyàwó lókè, òun nìkan ń rìn nísàlẹ̀, ó ká apá rẹ̀ bí ẹni tó fi ọmọ kọ́ apá, tó ń sìn ín lọ bá ọkọ. Ọkùnrin kan tí òǹkọ̀wé kò fún lórúkọ, tó burú ṣùgbọ́n tó ń fa ojú mọ́ra, ló he lẹ́tà náà. Ó fi tan Eurydice kúrò níbi ayẹyẹ lọ sí ilé gogoro rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà já lẹ́tà gbà tó ń sá lọ, ó ré bọ́ lórí àtẹ̀gùn, ó sì kú. Ẹ wo bí ikú yìí ti yàtọ̀ sí ikú ejò. Ejò kò mọ ẹni tó ń bù jẹ, ṣùgbọ́n níhìn-ín, lẹ́tà bàbá ni wọ́n fi dẹkùn fún ọmọ. Ìfẹ́ tó kọ̀ láti gbàgbé ló ṣí ilẹ̀kùn fún ikú. Ruhl kò fi ewu ìrántí pamọ́ fún wa.

Ẹ̀rọ agbéniròkè, lífíìtì, ló gbé Eurydice dé ìlú òkú, òjò sì ń rọ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Ó di agboòrùn mú, ó gbé àpótí aṣọ, bí ẹni tó dé sí ilé ìtura. Odò kan wà níbẹ̀ tí a ń ri òkú bọ̀, odò náà a sì máa fọ ọ̀rọ̀ àti orúkọ kúrò lórí wọn. Bàbá rẹ̀ ti dúró dè é. Ọmọ wo ojú bàbá, ó rò pé aláàárù ni, ó sì fẹ́ kí ó bá òun gbé ẹrù. Ẹni tó bá ti tọ́jú òbí tí ogbó ti gba ìrántí lọ́wọ́ rẹ̀ yóò mọ ìrora tó wà níbẹ̀, àyàfi pé níhìn-ín ọmọ ló gbàgbé òbí. Ohun tí bàbá ṣe ló jọ mí lójú: ó gbé ẹrù náà. Kò bá ọmọ wí pé kò mọ baba rẹ̀ mọ́. Ó gbà láti jẹ́ aláàárù títí ọmọ yóò fi mọ̀ ọ́n.

Eurydice béèrè yàrá. Kò sí yàrá ní ìlú òkú. Òfin ibẹ̀ kò gbà á. Bàbá bá mú okùn, ó fi kọ́ yàrá fún ọmọ rẹ̀. Ìran yìí, tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ni mo kà sí èyí tó dára jù lọ nínú eré. Bàbá ń fa okùn, ó ń dá igun mẹ́rin, ó ń so ó, ó sì gba àsìkò bí iṣẹ́ gidi ti ń gba àsìkò. Okùn tí ọkọ so mọ́ ìka ti di ilé lọ́wọ́ bàbá. Inú ilé yìí ni ó ti ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ ìtàn ìgbà èwe tirẹ̀ fún un, tó ń dá orúkọ àwọn ènìyàn wọn padà fún un. Lókè, Orpheus ń kọ lẹ́tà, ó ń fi í rán ekòló. Ó fi okùn sọ ìwé Shakespeare kan kalẹ̀; Eurydice, tí kò mọ̀wé kà mọ́, gun orí ìwé náà, ó dúró lé e, bóyá yóò gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Bàbá ló ka lẹ́tà ọkọ sí i létí. Òun náà ló kà fún un nínú King Lear, níbi tí ọba arúgbó àti ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń lọ sẹ́wọ̀n, tí ọba sì ń sọ bí ayọ̀ wọn yóò ti pọ̀ tó níbẹ̀. Bàbá mìíràn ìbá fi lẹ́tà ọkọ pamọ́, kí ọmọ lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Èyí kà á jáde. Láti inú gbogbo èyí ni a ti rí i pé ìrántí nínú eré yìí jẹ́ iṣẹ́ tí ẹni méjì ń jọ ṣe: ẹnì kan ń di okùn mú, ẹnì kejì ń so ó.

Òkúta mẹ́ta ló ń ṣọ́ òfin ìlú òkú: Òkúta Kékeré, Òkúta Ńlá àti Òkúta Aláriwo. Iṣẹ́ wọn ni láti máa sọ fún àwọn òkú pé wọn kò gbọdọ̀ sọ èdè alààyè, wọn kò gbọdọ̀ kọrin, wọn kò gbọdọ̀ sunkún, bàbá kò sì gbọdọ̀ ṣe bàbá níbẹ̀. Apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n, ohùn wọn sì jọ ti aládùúgbò tó ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ. Ǹjẹ́ kì í ṣe ohun tí àwa náà ń sọ nílé ọ̀fọ̀ nìyẹn? Ẹ má sunkún mọ́, ẹ mú ọkàn kúrò níbẹ̀, ohun tó ti lọ ti lọ. A ń sọ ọ́ pẹ̀lú inú rere, a sì rò pé a ń tu ni nínú. Ruhl fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí ẹnu òkúta. Àwọn baba wa sọ ọ́ pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹkún kò fọ́ni lójú. Àní nígbà tí Orpheus dé ẹnu ọ̀nà tí ó kọrin, òkúta pàápàá sunkún, omijé ara wọn sì rú wọn lójú.

Orpheus dé, àsìkò ìjọ̀wọ́ sì dé. Eurydice ṣiyè méjì. Kò dá a lójú pé ó fẹ́ fi bàbá sílẹ̀. Bàbá ló ní kí ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, kí ó lọ lo ayé rẹ̀. Ìjọ̀wọ́ òtítọ́ nìyí: ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ iye rẹ̀, ó sì ṣí ọwọ́. Eurydice tẹ̀lé ọkọ. Nínú ìwé àtijọ́, Orpheus ló dá bojú wẹ̀yìn nítorí ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù. Nínú Eurydice ti Jean Anouilh, ọmọ ilẹ̀ Faransé, èyí tó kọ ní 1941, Orphée mọ̀ọ́mọ̀ wo ojú rẹ̀ ni, nítorí pé ó fẹ́ mọ òtítọ́ nípa ìgbà tó ti kọjá. Nínú eré Ruhl, Eurydice ló pe orúkọ ọkọ rẹ̀, ọkọ sì yíjú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Bí wọ́n ti ń jìnnà sí ara wọn, wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ ìlù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá mu. Àwọn kan lè sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pè é kí ó lè padà sọ́dọ̀ bàbá. Àwọn mìíràn lè sọ pé ẹ̀rù ló bà á. Òǹkọ̀wé kò yàn fún wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó dájú ni pé obìnrin tí ìtàn àtijọ́ pa lẹ́nu mọ́ ti ní ohùn tirẹ̀ níhìn-ín, àṣìṣe rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ yóò rò pé eré parí sí ni ìbànújẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá, tó gbà pé ọmọ rẹ̀ ti dé ayé, tú yàrá okùn náà palẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń ka ọ̀nà fún ara rẹ̀ láti ìyànà dé ìyànà, ọ̀nà ọkọ̀ tó lọ sí odò ìgbà èwe rẹ̀, Mississippi. Bó ti kà á tán, ó ri ara rẹ̀ bọ odò ìgbàgbé. Mo rò pé orí ìran yìí ni gbogbo eré náà dúró lé. Kò sí ẹni tó fipá mú bàbá. Ó ti ṣe ohun tí bàbá rere ń ṣe, ó ti jọ̀wọ́ ọmọ. Èyí tó kù kò yẹ kó le. Ṣùgbọ́n kò lè fara da ìrántí tí kò ní ẹni kejì. Ìjọ̀wọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn fún ọmọ. Ìgbàgbé rẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore.

Ọmọ padà dé. Yàrá ti tú, bàbá sùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò gbé ayé rí. Ọba Ìlú Òkú, tó kọ́kọ́ wá bí ọmọdé lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pupa, ti ga bí ẹni tó gun àgéré, ó sì ní òun yóò fi Eurydice ṣaya. Obìnrin náà tọrọ àyè díẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí Orpheus, ó sì tún kọ̀wé sí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ yóò fẹ́ lẹ́yìn òun, ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Ìjọ̀wọ́ òtítọ́ kejì nìyí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti bàbá nínú inú rere. Òun náà kò sì dúró síbẹ̀. Ó ri ara rẹ̀ bọ odò, ó sùn ti bàbá tí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Lífíìtì tún sọ̀kalẹ̀. Orpheus ló wà nínú rẹ̀; òun náà ti kú. Ó rí ìyàwó rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, òjò sì rọ̀ lé e lórí, ó gbàgbé. Ó mú lẹ́tà nílẹ̀, kò lè kà á, ó gun orí rẹ̀, ó dúró lé e.

Ẹni tó bá mọ ìwé Ovid yóò mọ bí ìparí yìí ti le tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kọkànlá Metamorphoses, lẹ́yìn ikú Orpheus, àwọn méjèèjì tún rí ara wọn ní ìlú òkú. Wọ́n jọ ń rìn kiri, ọkọ sì lè bojú wẹ̀yìn wo aya rẹ̀ láìsí ewu. Ìtùnú nìyẹn. Ruhl mú ọkọ dé ibẹ̀ gan-an, ẹ̀gbẹ́ aya rẹ̀, ó sì gba ìtùnú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá, ọmọ àti ọkọ wà ní ojú kan náà níkẹyìn, kò sì sí ẹni tó mọ ẹnì kan nínú wọn.

Eré yìí kò ṣàìní àbùkù. Orpheus kò kún tó bó ti yẹ. Ju orin àti ìfẹ́ rẹ̀ lọ, a kò mọ ohun púpọ̀ nípa rẹ̀, nítorí náà yíyàn tó wà níwájú Eurydice, láàárín ọkọ àti bàbá, ti tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ bàbá ṣáájú kí òun tó yàn. Ẹ̀ẹ̀kejì, àwàdà Ọba Ìlú Òkú ṣe dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ fi agbára fẹ́ obìnrin náà ní ìparí, ó da omi sí ìpinnu rẹ̀. A kò lè mọ̀ dájú bóyá ìfẹ́ bàbá ló mú un wọ odò tàbí pé ó ń sá fún ìgbéyàwó tí kò fẹ́. Ìpinnu tó wúwo tó báyìí ìbá dára bí kò bá ní ẹni tó ń lé e léré. Ṣùgbọ́n àbùkù wọ̀nyí kò ba ilé jẹ́.

Yorùbá ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Òwe náà ń sọ fún wa pé kò sí ẹni tí ikú kò kàn lára àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Ruhl sọ ọ́ di ohun tí ojú ń rí lórí ìtàgé: òkú ń sunkún òkú níwájú wa, títí tí kò fi sí ẹni tó mọ ohun tí a ń sunkún sí mọ́. Nígbà náà, ta ló kù tó mọ̀ pé okùn kan wà rí níka obìnrin kan, pé bàbá kan fi okùn kọ́ yàrá, pé lẹ́tà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn, tirẹ̀ ni? Àwa tí a jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni. Nígbà tí iná bá kú lórí ìtàgé, ọwọ́ wa ni okùn náà wà. A lè jọ̀wọ́ àwọn òkú wa, ó tilẹ̀ yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀nà wọn kì í ṣe ọ̀nà wa mọ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbà fún òkúta tó bá ní kí á wọ odò.